Èèkù Abẹ Láti Ara Dùùrù Àtijọ́

Dùùrù tí àwọn Òyìnbó ń pè ní piánò kì í kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ fún ìdajì ọdún, tí ọyẹ́ sì ń dé lẹ́yìn rẹ̀ láti gbẹ gbogbo ohun tí òjò ti rin, gọ́ọ̀mù tí ó so igi rẹ̀ pọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń tú. Lẹ́yìn èyí ìpáàrà a bo okùn irin rẹ̀, kòkòrò a jẹ aṣọ onírun tí ó wà ní orí àwọn òòlù rẹ̀, ikán a sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ní ọjọ́ tí ẹni tí ó mọ bí a ti ń tún ohùn dùùrù ṣe bá wí pé àwọn ìṣó rẹ̀ kò lè di okùn mú mọ́, a gbé e lọ sí igun ilé ìjọsìn tàbí sí ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, a da aṣọ bò ó, ó sì di ibùsùn eku.

Kí ni ènìyàn lè rí mú nínú òkú irú dùùrù bẹ́ẹ̀, èwo ni kò sì yẹ kí ó fọwọ́ kàn? Ìdáhùn kan wà tí ó ti òkèèrè wá, tí ó lè ya ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lẹ́nu: èèkù abẹ, èyí tí a fi ń fá irun orí àti irùngbọ̀n.

Ẹni tí ó ń gbé Ayewa, tàbí ibikíbi ní ilẹ̀ Okun, kò ní fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin Bùnú tí ń hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí a fi ń yẹ́ òkú àwọn olóyè sí, a máa tú aṣọ pupa onírun tí àwọn oníṣòwò gbé ti ọ̀nà jíjìn wá, fọ́nrán kan tẹ̀lé òmíràn, wọn a sì tún un hun ní ọ̀nà tiwọn. Nígbà tí ó yá, bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa ti ilé ìwòsàn ni wọ́n ń tú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn alágbẹ̀dẹ. Ní ọdún 1904, C. V. Bellamy tẹ ìwé jáde nípa ilé ìyọ́rin kan ní agbègbè Ọ̀yọ́, níbi tí a ti ń yọ irin láti inú òkúta. Ṣùgbọ́n irin òyìnbó ti kún ọjà, iná àwọn ilé ìyọ́rin sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà wá, irin ògbólógbòó ni alágbẹ̀dẹ ń rọ. Sípíríǹgì mọ́tò a di àdá, a di ọ̀bẹ, a sì di abẹ pẹ̀lú.

Ní Amẹ́ríkà ni òkú dùùrù ti pọ̀ jù. Ní àyíká ọdún 1910, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ń ṣe láàrin ọdún kan ṣoṣo lé ní 300,000. Ìdílé tí ó bá fẹ́ kí a kà á kún ẹni iyì a máa ra ọ̀kan sí pálọ̀. Lẹ́yìn èyí rédíò dé, ẹ̀rọ tí ń kọrin dé, ọwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára dùùrù. Àwọn tí ó ni wọ́n darúgbó wọ́n sì kú, àwọn ọmọ wọn kò sì rí àyè fún ẹrù tí ó wúwo tó 200 tàbí 300 kìlógíráàmù. Ní ọdún 2012 ìwé ìròyìn New York Times ròyìn bí a ti ń kó wọn lọ sí ààtàn, tí a ń ti wọ́n láti orí ọkọ̀ lulẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan a máa gba ohun tí ó ṣeé gbà kí ó tó dé ààtàn. Àwọn kan ń fi pátákó rẹ̀ ṣe àga àti pẹpẹ ìwé. Àwọn mìíràn, tí wọ́n fẹ́ràn abẹ àtijọ́, ń wá inú rẹ̀ fún èèkù.

Kí ló dé tí abẹ àtijọ́ fi ń wá èèkù tuntun? Abẹ tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù lónìí ni èyí tí a ń pààrọ̀ ojú rẹ̀, irú èyí tí King Camp Gillette ti Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọdún 1904. Ṣáájú rẹ̀, abẹ gígùn tí a ń ká wọ inú èèkù rẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ń lò. Ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìlú Solingen ní Jámánì ni ó lókìkí jù fún un. Irin abẹ wọ̀nyí dára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan tí a rọ ní 100 ọdún sẹ́yìn ṣì lè fá irùngbọ̀n lónìí bí a bá pọ́n ọn dáadáa. Èèkù ni kò bá irin dàgbà. Èyí tí ó dára jù nínú wọn ni a fi eyín erin ṣe, èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ni a fi ìwo màlúù ṣe.

Ní ọdún 1863, ilé iṣẹ́ kan ní New York tí ń ta ohun èlò eré bọ́ọ̀lù orí tábìlì kéde pé òun yóò fún ẹnikẹ́ni ní 10,000 dọ́là bí ó bá lè rí ohun tí yóò rọ́pò eyín erin, nítorí eyín erin ti wọ́n. John Wesley Hyatt, ọkùnrin kan ní ìlú Albany, gbìyànjú rẹ̀, ó sì mú ohun kan jáde tí a ń pè ní sẹ́lúlọ́ìdì, tí a fi òwú tí a ti rì sínú omi kíkan olóró àti kánfọ̀ ṣe. Ó funfun, ó ń dán, ó sì jọ eyín erin lójú. Kò pẹ́ tí ó fi bo ìtẹ̀ dùùrù, ìyẹn àwọn pátákó kéékèèké tí ìka ń tẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi di èèkù abẹ pẹ̀lú. Nítorí náà dùùrù àti abẹ ti jẹ́ ìbátan tipẹ́tipẹ́. Ohun kan náà ni wọ́n ń wọ̀ láyé eyín erin, ohun kan náà ni wọ́n sì wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àléébù sẹ́lúlọ́ìdì ni pé ó ń jẹrà. Bí ó ti ń darúgbó ni oró tí a fi ṣe é ń tú jáde ní ooru tí ojú kò rí, irin tí ó bá wà nítòsí rẹ̀ a sì máa hu ìpáàrà. Ọ̀pọ̀ abẹ dáradára ni èèkù wọn ti pa lọ́nà yìí nínú àpótí, tí ẹni tí ó ni ín sì rò pé òjò ni. Bí abẹ bàbá ẹnìkan bá wà nílé, tí èèkù rẹ̀ ń sán tí ó sì ń rùn bí kánfọ̀ tàbí bí ọtí kíkan, kí ó yọ irin kúrò nínú rẹ̀ kí ó má sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ abẹ mìíràn. Kí ó pa á mọ́ kúrò lọ́dọ̀ iná, nítorí sẹ́lúlọ́ìdì a máa gbiná bí ẹ̀tù.

Bí a bá ṣí ikùn dùùrù, ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí ni férémù ńlá kan tí a fi irin dídà ṣe, tí okùn irin bíi 230 nà lé lórí. Okùn kọ̀ọ̀kan ń fà bí ẹrù 70 kìlógíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo wọn pọ̀ sì tó tọ́ọ̀nù 15 sí 20. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀mú gé okùn wọ̀nyí nígbà tí wọ́n ṣì le lè pàdánù ojú rẹ̀. Àwọn ìṣó wọn ni a ń yí díẹ̀díẹ̀, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kí gbogbo wọn lè rọ̀ pọ̀ kí a tó yọ ẹyọ kan. Ẹ̀yìn dùùrù tí ó dúró lóòró ni ó sì wúwo, kò yẹ kí ẹnìkan dá gbé e dùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ọmọdé wà nítòsí. Okùn náà kò ṣe é fi ṣe abẹ. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí ń se ọṣẹ yóò rí i pé kò sí ohun tí ó ń gé ọṣẹ mọ́lẹ̀ gẹ́rẹ́ bí i rẹ̀.

Ìtẹ̀ 88 ni ó wà ní iwájú dùùrù, 52 funfun, 36 dúdú. Ìtẹ̀ funfun kì í ṣe eyín erin láti òkè dé ilẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Igi fúyẹ́ ni ara rẹ̀; eyín erin ni awọ tí ó bò ó, kò sì nípọn ju mìlímítà kan tàbí díẹ̀ lé lọ. Bí a bá tẹjú mọ́ ọn, a ó rí ojú oríkèé kan lórí rẹ̀ níbi tí a ti so ẹyọ méjì pọ̀, a ó sì rí àwọn ìlà tín-ín-rín tí ó jọ ìlà inú igi. Sẹ́lúlọ́ìdì kò sábà ní oríkèé, kò sì sábà ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń fi abẹ́rẹ́ gbígbóná tàbí iná ìṣáná dán an wò; ìwà òmùgọ̀ ni, nítorí bí ó bá jẹ́ sẹ́lúlọ́ìdì ni, gbogbo ìtẹ̀ náà ni yóò jó.

Ìtẹ̀ dúdú ni ó níye lórí jù fún oníṣẹ́ abẹ. Nínú dùùrù rere, igi dúdú gidi ni, tí kò ní awọ kankan lórí, èyí tí a gé láti igbó Gabon, Kamẹrúùnù àti gúúsù Nàìjíríà. Gígùn rẹ̀ kò tó ìǹṣì 4. Èèkù abẹ kíká ń fẹ́ ìǹṣì 6, nítorí náà ìtẹ̀ dúdú kò tó o. Ṣùgbọ́n èèkù abẹ irú ti Gillette kò ju ìǹṣì 3 sí 4 lọ, ibẹ̀ sì ni ìtẹ̀ dúdú ti bá a mu gẹ́ẹ́. Ìtẹ̀ méjì ni a ń fi inú lẹ inú kí ó lè kún ọwọ́, a lu ihò sí àárín rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, a fi ọ̀pá idẹ tín-ín-rín kan sí i tí orí abẹ yóò máa yí mọ́, a sì gbẹ́ ẹ di róbótó. Àwọn tí ó ti mú un lọ́wọ́ mọ̀ pé ó tutù, ó sì wúwo bí òkúta odò.

Fún abẹ kíká, inú pátákó tí a kan ìṣó okùn mọ́ ni kí a ti wá igi. Pátákó yìí le gidigidi, nítorí òun ni ó ń di gbogbo tọ́ọ̀nù wọ̀nyí mú fún ọdún púpọ̀. Ihò ti kún inú rẹ̀ bí afárá oyin, síbẹ̀ ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì a máa ṣẹ́kù láìní ihò. Ní ti àpótí dùùrù fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ̀ kí ó tó gé e: èyí tí ó jọ ọ̀gánwó láti òde lè jẹ́ awọ ọ̀gánwó tín-ín-rín lórí igi lásán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìdérí rẹ̀ ni ó sábà ń jẹ́ igi kan náà dé inú.

Ohun kan wà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a lè gbá a dànù pẹ̀lú eruku. Òòlù kọ̀ọ̀kan nínú dùùrù ń yí lórí ìṣó idẹ wẹ́wẹ́ kan tí kò nípọn ju abẹ́rẹ́ ìránpò lọ. Ìṣó yìí kan náà ni a lè gbà kọjá èèkù àti ìdí abẹ kékeré, kí a fi òòlù rọra lu orí rẹ̀ méjèèjì títí yóò fi fẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí òòlù dùùrù máa yí di ohun tí ó jẹ́ kí abẹ máa ká. Nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ibi yìí ni ó dára jù.

Nínú igi àwọn ìtẹ̀ náà ni a tún ń rí òjé, ẹyọ róbótó róbótó, tí a fi sí ibẹ̀ kí ìtẹ̀ lè wúwo bí ó ti yẹ. Àwọn oníṣẹ́ Sheffield àtijọ́ a máa fi òjé ṣe ìhá sí ìdí èèkù láàrin ẹ̀là méjèèjì, àwọn kan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. Kò yẹ kí a tẹ̀lé wọn. Òjé kì í jáde kúrò nínú ara bọ̀rọ̀, ọpọlọ ọmọdé ni ó sì ń bà jẹ́ jù. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, ọmọ tí ó lé ní 400 ni òjé pa nítorí pé àwọn òbí wọn ń lọ òkúta tí wúrà àti òjé wà nínú rẹ̀ ní àgbàlá ilé. Òjé inú dùùrù kéré sí ti Zamfara púpọ̀púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi fáìlì rẹ́ ẹ ní ibi tí ọmọ ti ń jẹun kò yàtọ̀ ní ìwà. Ìwo màlúù ṣe ìhá dáadáa.

Ọ̀rọ̀ eyín erin kò ṣeé fi ẹsẹ̀ kan fò kọjá, pàápàá fún àwọn tí ń gbé nítòsí ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ní ọdún 1832, Macgregor Laird kó ọkọ̀ ojú omi méjì wá sí odò Ọya, wọ́n sì gòkè dé ibi ìpàdé náà. Lára ohun tí ó ń wá ni eyín erin. Òyìnbó 48 ni ó wọlé, 9 péré ni ibà àti àìsàn mìíràn jẹ́ kí ó padà. Ní ọdún 1854, ọkọ̀ Pleiad tún gòkè lábẹ́ Dókítà Baikie, Ajayi Crowther sì wà nínú rẹ̀. Kùìníìnì tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kò jẹ́ kí ibà pa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Lẹ́yìn èyí ni Lọ́kọ́ja dìde, eyín erin sì wà lára ohun tí a ń rà níbẹ̀.

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú eyín tí a fi bo ìtẹ̀ dùùrù Amẹ́ríkà kò gba Lọ́kọ́ja kọjá. Àwọn oníṣẹ́ dùùrù fẹ́ eyín tí ó rọ̀, ìyẹn ti ìlà-oòrùn Áfíríkà, ó sì ń gba Zanzibar jáde. Ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ìletò méjì, Deep River àti Ivoryton, ni ó ń gé e. Orúkọ èkejì túmọ̀ sí ìlú eyín erin. A ń lá eyín náà ní pẹlẹbẹ bí ewé, a sì ń tẹ́ ẹ sínú ilé gíláàsì gígùn fún oòrùn láti sọ ọ́ di funfun. Wọ́n máa ń wí níbẹ̀ pé eyín kan tí ó wúwo tó 75 pọ́n-ùn lè bo ìtẹ̀ dùùrù bíi 45. Kí ẹni tí ó mọ ìṣirò fi 45 pín 300,000, kí ó wo iye eyín tí ó jẹ́, kí ó sì rántí pé ọdún kan ṣoṣo ni.

Ní ìgbà pípẹ́ ṣáájú 1910, ẹrú ni ó ru púpọ̀ nínú eyín wọ̀nyí láti àárín gbùngbùn ilẹ̀ dé etí òkun, a sì ń ta ẹrú àti eyín pọ̀. Ernst Moore, tí ó ti ṣiṣẹ́ olùra eyín ní Zanzibar fún ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, kọ ìwé kan jáde ní ọdún 1931, ó sì pe òwò eyín ní pàṣán Áfíríkà nínú àkọlé rẹ̀. Àwọn àgbà ilẹ̀ Okun kò nílò ìwé láti mọ ohun tí ó ń wí. Àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe kó ọmọ wọn lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 1897 tí ogun Kọ́ḿpánì Ọya lé wọn kúrò ní Kabba tí ó sì ṣẹ́gun Bida. Bóyá ni ọmọ Okun kan ru eyín dé Zanzibar, ṣùgbọ́n èèyàn tí a dè mọ́ ẹrù kò ṣàjèjì sí ìtàn ibí.

Ní ti erin fúnra wọn, a ṣírò wọn sí 1,300,000 ní gbogbo Áfíríkà ní ọdún 1979. Ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọn kò ju bíi 600,000 lọ. Nítorí náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe fohùn ṣọ̀kan ní 1989 pé kí òwò eyín láti ilẹ̀ kan sí èkejì dúró. Nàìjíríà ti wọ inú ẹgbẹ́ àdéhùn náà láti 1974, ó sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 1985. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tí a ṣe ní 2018, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2022, fi àyè sílẹ̀ fún ohun èlò orin tí a ṣe ṣáájú 1975, bí eyín erin inú rẹ̀ kò bá tó ìdá 20 nínú 100, bí a bá sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Dùùrù gba àyè yìí. Bí a bá ṣí eyín kúrò lára rẹ̀ tí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ èèkù abẹ, kì í ṣe ohun èlò orin mọ́, àyè náà kò sì bá a lọ. Ẹni tí ìbátan rẹ̀ ní London bá ní kí ó fi irú abẹ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ ń fa ẹjọ́ sí ọrùn àwọn méjèèjì.

Àwọn kan yóò wí pé erin náà ti kú ní 100 ọdún sẹ́yìn, àti pé kí ni ìparun rẹ̀ mọ́. Òtítọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó lè jí i. Ṣùgbọ́n ọjà kò mọ eyín àtijọ́ yàtọ̀ sí tuntun, ẹni tí ó pa erin lánàá a sì máa wí pé inú dùùrù ni òun ti rí i. Èyí tí ó dára ni kí a fi eyín sílẹ̀ lára ìtẹ̀ rẹ̀, kí a sì pa ìtẹ̀ náà mọ́ fún ẹni tí ń tún dùùrù mìíràn ṣe. Igi, idẹ àti ìtẹ̀ dúdú ti tó fún èèkù.

Dùùrù kò sì wọ́pọ̀ ní abúlé. Ẹni tí kò rí òkú dùùrù kò ṣòfò ohunkóhun, nítorí igi dúdú ń hù ní ọ̀dàn ilẹ̀ Okun fúnra rẹ̀. Kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ti Gabon, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àyà rẹ̀ sì ń dúdú bí ó bá dàgbà. Kí a gé ẹ̀ka tí ó ti kú, kí a là á, kí a sì fi í sí òjìji fún oṣù bíi mẹ́fà, nítorí èyí tí a bá gbẹ́ ní tútù yóò sán nígbà ọyẹ́. Ìwo màlúù náà dára: a sè é nínú omi gbígbóná títí yóò fi rọ̀, a là á, a fi í sáàrin pátákó méjì, a sì gbé òkúta lé e lórí di ọjọ́ kejì.

Bí a ti ń ṣe èèkù abẹ kíká nìyí. Ẹ̀là méjì ni a ń gé, ìǹṣì 6 ní gígùn, tí kò nípọn ju ìdá 8 ìǹṣì kan lọ. A so méjèèjì pọ̀ kí a lè rẹ́ wọn bákan náà, a sì lu ihò kan ní orí fún ìṣó tí abẹ yóò máa yí lórí rẹ̀, àti òmíràn ní ìdí fún ìhá. Ìhá yìí gbọ́dọ̀ nípọn ní ìta kí ó sì tẹ́ ní inú, kí ẹ̀là méjèèjì lè fẹ̀ díẹ̀ ní àárín. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ojú abẹ yóò máa kan ara èèkù bí a ti ń ká a, yóò sì kú. Fáìlì ni a fi ń rẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà sáńpépà. Ewé ìpín tí àwọn agbẹ́gi ti ń lò látijọ́ kò kéré sí sáńpépà nígbà tí iṣẹ́ bá fẹ́ parí. Òrí díẹ̀ tí a fi pa á lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan yóò mú kí ó dán. Kí a fi aṣọ bo imú nígbà tí a bá ń rẹ́ igi dúdú tàbí ìwo, kí a sì wọ́n omi sílẹ̀. Eruku igi dúdú a máa yún ara àwọn ẹlòmíràn, a sì máa dí wọn ní èémí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, ibẹ̀ sì ni èèkù tí ó lẹ́wà ti lè di ewu. Èèkù igi, ìwo tàbí eyín kò ṣeé sè nínú omi híhó. Igi yóò sán, ìwo yóò sì tẹ̀. Nítorí náà abẹ tí ó ní irú èèkù bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo, kò yẹ kí ó ti orí bàbá kọjá sí orí ọmọ. Kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 lórí ohun tí ẹ̀jẹ̀ kán sí, bí ẹ̀jẹ̀ náà tilẹ̀ ti gbẹ; ti éèdì náà lè gba ojú abẹ kọjá. Onígbàjámọ̀ tí ń fi abẹ kan fá orí ènìyàn mẹ́wàá ní ọjọ́ ọjà ń ṣe ohun tí a ti ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà ti ìsinsìnyí kò rí bí ti ìgbà náà. Kí ó máa lo irú tí a ń pààrọ̀ ojú rẹ̀, kí ó sì ṣí ojú tuntun lójú oníbàárà. Ní ti ìwọ́ ọmọ tuntun àti ìkọlà, abẹ ilé kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ rárá, bí ó ti wù kí a sè é tó, nítorí irúgbìn tẹ́tánúsì a máa la omi híhó já. Ilé ìwòsàn ni ibi tí a ti ń ṣe é.

Lẹ́yìn ìfárí, kí a nu irin náà gbẹ dé inú ìdí rẹ̀, kí a fi òróró díẹ̀ pa á, kí a sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí fún wákàtí kan kí a tó ká a. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹwàá, abẹ tí a bá ká ní tútù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yóò ti hu ìpáàrà kí ọjọ́ Ìsinmi mìíràn tó dé.